Ìró Ìyá Mi Nínú Àpótí Ejò

Ejò tí kò jẹun kì í ké. Bí ebi bá ń pa ọmọ, á sunkún títí gbogbo àgbàlá á fi gbọ́. Ewúrẹ́ á ké, adìyẹ á máa tọ ènìyàn lẹ́yìn kiri. Ṣùgbọ́n ejò á kàn ká ara rẹ̀ jọ sí igun kan, á gbé orí lé e, á sì máa wò ọ́. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, o lè rò pé ó ti yó. Èmi mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fi jẹ́ ẹ̀bi mi, tí mi ò lè dì í ru ẹlòmíràn.

Mo ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sin ejò, lẹ́yìn ìlú Lomé. Bí ènìyàn bá gun ọ̀kadà láti Agbalépédogan níbi tí à ń gbé, tó sì gba ọ̀nà òkè lọ, kò pẹ́ rárá. Òjòlá kékeré ni wọ́n ń sìn níbẹ̀, irú èyí tó jẹ́ pé bí ẹ̀rù bá bà á, kì í bu ènìyàn ṣán, ńṣe ló máa ń ká bí bọ́ọ̀lù, tí á fi orí pamọ́ sí àárín. Àwọn òyìnbó ń rà á lọ sílùú wọn, wọ́n ń fi í ṣe ohun ọ̀sìn nínú ilé bí àwa ṣe ń sin ológbò. Ìwé mi kò lọ jìnnà. Bí mo ṣe jáde ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá mi ru aṣọ lọ sọ́jà. Níbi ejò, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìwé. Wọ́n ní ṣé ẹ̀rù ejò ń bà mí, mo ní rárá. Irọ́ ni mo pa.

Èmi náà ni mo mú àbúrò mi wọ ibẹ̀ nígbà tí mo ti lo ọdún méjì. Ọbàkan mi ni. Baba kan náà ló bí wa, ṣùgbọ́n ìyá wa kì í ṣe ọ̀kan. Ìyá tirẹ̀ padà sí Nàìjíríà nígbà tí òun ṣì kéré, kò sì wá mọ́. Ìyá mi ló tọ́ ọ dàgbà, baba wa sì kú ní tirẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń bá a pín ìyá, mi ò sì fẹ́ràn ìpín náà rí.

Ní ti ejò, oṣù mẹ́rin gbáko ni mo lò kí ejò kan tó jẹ́ kí n gbé òun láìká. Àbúrò mi, ọjọ́ kejì tó débẹ̀ ni ọ̀kan na ara gbọọrọ lé e lápá, ó ń yọ ahọ́n wò ó kiri bí ẹni tó ń wo ilé tó fẹ́ háyà. Ọ̀gá wa dúró, ó ń wò wọ́n. Ọmọ Ewe ni ọ̀gá yìí, èdè Mina ló ń bá wa sọ, àyàfi tí inú bá bí i ló máa ń sọ Faransé.

"Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀," ó ní. "Kò kánjú." Ó wá yí sí mi. "Ìwọ, o máa ń gbé ejò bí ẹni tó jí iṣu lóko olóko."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Eyín mi nìkan ló rẹ́rìn-ín o.

Yàrá kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní yàrá ẹyin. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹyin ejò sí kó lè pa. Ibẹ̀ dákẹ́, ooru rẹ̀ kì í yí padà, kò sì sí òórùn ìgbẹ́ èkúté níbẹ̀ bíi ti ọ̀dọ̀ èkúté oúnjẹ ejò tí mò ń tọ́jú. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ fẹ́ padà sí Atakpamé lọ bá àwọn ara ilé rẹ̀. Lọ́kàn tèmi, mo ti wọ yàrá náà ná. Mo ti mọ ibi tí màá gbé bàtà mi sí lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ku ọjọ́ méjì kí a bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ Ràmàdáànì nígbà tí ọ̀gá gbé àpótí rọ́bà kan jáde. Abo òjòlá kan ló wà nínú rẹ̀, kò tíì dàgbà, àwọn ará abúlé kan ló gbé e wá. Láti ìgbà tó ti dé, kò jẹ nǹkan kan. Àgbà ejò lè fi oṣù mẹ́ta sùn lébi kí ó má ṣe é ní nǹkan, ṣùgbọ́n èyí kéré, kò ní ọ̀rá tí yóò máa jẹ lára.

Ọ̀gá gbé e fún àbúrò mi. "Gbé e lọ sílé yín, níbi tí kò ti ní gbọ́ òórùn ejò mìíràn. Bí ó bá jẹun kí oṣù ààwẹ̀ yín tó parí, ejò náà di tìrẹ, ìwọ ni màá sì fi sí yàrá ẹyin."

Ẹnu mi yára. "Bí kò bá jẹun ńkọ́?"

Ọ̀gá wò mí díẹ̀. "Bí kò bá jẹun, a ó fi ẹ̀gbọ́n sí yàrá náà."

Láti ìṣẹ́jú yẹn, ẹ̀dá kan wà láyé tí ebi rẹ̀ jẹ́ àǹfààní mi.

Nígbà tí a gbé e wọlé, ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó fò sókè, ẹ̀wà fọ́n ká.

"Sùbùánálláhì! Ejò! Nínú ilé tí mo ti ń kírun!"

Àbúrò mi ti dọ̀bálẹ̀ láàárín ẹ̀wà. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Kò ní jáde nínú àpótí. Iṣẹ́ mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Iṣẹ́ rẹ wà lọ́wọ́ ejò? Ejò lọ́wọ́ ni?"

Ó bá rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó ti gbà. Ó dúró lókèèrè, ó na ọrùn wo inú àpótí. "Kí ló dé tí kò fi jẹun?"

"Bóyá torí pé kò rí ibi sá sí ni, Màmá. Bí ejò ò bá rí ibi fara pamọ́ sí, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ láti jẹun."

Ìyá mi wọ yàrá, a gbọ́ tó ṣí àpótí aṣọ rẹ̀. Oníṣòwò aṣọ ni, àpótí yẹn jìn. Ó jáde pẹ̀lú ìró aláró kan tó ti ṣá, ó jù ú sí àbúrò mi láti ẹnu ọ̀nà. "Gbà, fi bò ó."

Mo mọ ìró náà. Òun ló fi pọ̀n mí. Ó ti sọ ìtàn rẹ̀ fún wa lọ́pọ̀ ìgbà, bí òun ṣe fi í gbé mi sẹ́yìn láti ilé dé ọjà ńlá kí òjò tó dá, àti pé òun ń tọ́jú rẹ̀ de ìyàwó mi, kó fi pọn ọmọ mi.

Mo ní, "Ìyá, ìró mi nìyẹn."

"Ìró rẹ? Ìwọ lo rà á ni? Ẹni tó ń wá iṣẹ́ ni mo fún."

Ó rò pé eré ni mò ń ṣe.

Nígbà tí àbúrò mi tẹ́ ẹ sínú àpótí tán, mo bá a di ìdérí mú, ibẹ̀ ni òórùn ti kọ lù mí nímú: káńfọ̀. Gbogbo aṣọ tí ìyá mi bá fẹ́ tọ́jú pẹ́, ó máa ń so káńfọ̀ mọ́ igun rẹ̀, kókó kékeré kan bí ẹ̀wà, nítorí kòkòrò. Àwọn tí ń ta aṣọ ló mọ̀ ọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí kókó náà ti wà níbẹ̀ tó fi jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò rí i mọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òfin ni níbi iṣẹ́ wa pé káńfọ̀ kò gbọdọ̀ wọ ibi ejò, àti lọ́fíńdà, àti oògùn ẹ̀fọn. Ahọ́n ni ejò fi ń gbọ́ òórùn. Bí òórùn líle bá ti gba afẹ́fẹ́, kò ní mọ̀ pé èkúté wà níwájú òun, ó sì lè ṣàìsàn. Ọ̀gá ti lé ọkùnrin kan sílé nítorí lọ́fíńdà rí. Ó ṣojú mi. Àbúrò mi kò tíì wá síbẹ̀ nígbà náà.

Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Mo sì pa á dé. Mo ní lọ́kàn mi: ó gba ìró mi, kó gbà á tòun ti káńfọ̀ rẹ̀.

Bí ààwẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn tí a bá ti ṣínu tí a sì ti kírun Mọ̀gàríbì, àbúrò mi á fi ẹ̀mú gbé èkúté kan síwájú ejò, á sì lúgọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ejò kò ní wò ó. Ó gbìyànjú èkúté funfun, ó tún wá aláwọ̀ ilẹ̀, torí ó ní ejò ìgbẹ́ lè má mọ funfun ní oúnjẹ. Ó gbé àpótí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn nítorí ariwo. Ó fi aṣọ bo gbogbo rẹ̀ kó lè ṣókùnkùn. Ó la ẹnu ejò wò bóyá egbò wà níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan, ọjọ́ tó fọwọ́ kan ejò àti ọjọ́ tí kò fọwọ́ kàn án.

Onílé wa, ìyá àgbà Mina kan, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́. Nílé baba tirẹ̀, wọn kì í pa òjòlá, torí náà ó máa ń tẹ̀ ba díẹ̀ kí ó tó kí i. Bí ó bá ti kí i tán, àwa ni yóò kàn.

"Sà va? Ṣé dáadáa ni? Ó ti jẹun?"

"Kò tíì jẹ o, Màmá àgbà."

"Mùsùlùmí gidi nìyí. Ẹ̀yin ń jẹun lálẹ́, òun kò tilẹ̀ ṣínu rárá. Ẹ lọ kọ́ ààwẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀!"

Àbúrò mi á ní, "Ẹ bá mi sọ fún un pé oòrùn ti wọ̀."

A ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín ló máa ń yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni ẹ rò?"

Mo máa ń dá a lóhùn. Mo ní bóyá ó fẹ́ bọ́ àwọ̀, kó máa wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣú bí ojú ẹja tó ti kú. Mo ní bóyá ó ṣì ń wo ibi tuntun. Mo ní ó ń gbé e jù, kó fi í lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́ nípa ejò. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ òótọ́ nípa èyí.

Nígbà tí oṣù dé ìdajì, ejò tọ̀ sára ìró náà, àbúrò mi sì fọ̀ ọ́, ó sá a sóòrùn, ó tú kókó igun rẹ̀ láìbìkítà, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ohun kan ṣẹlẹ̀. Bí èkúté ṣe dé iwájú rẹ̀, ejò yọ orí lábẹ́ ìró. Ó na ọrùn. Ahọ́n rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde, wéré wéré. Àbúrò mi kò mí. Èmi náà kò mí. Ó tẹ̀ lé èkúté náà dé ìdajì àpótí kí ó tó dúró, kí ó tó padà.

Àbúrò mi yọ bí ẹni pé ó ti gbé e mì. "Ẹ rí i? Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí i? Ó kù díẹ̀!"

Mo rí i. Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ kejì rèé, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi fi ọ̀rọ̀ rere bò ó. Mi ò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ìyá mi ti lọ sọ́jà. Mo ṣí àpótí aṣọ, mo wa ọwọ́ wọ ìsàlẹ̀ pátápátá, mo fa ìró mìíràn yọ, èyí tí kókó rẹ̀ ṣì le. Mo kó èyí tó mọ́ jáde nínú àpótí ejò, mo fi èyí rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tó dé, mo ní, "Mo bá ọ pààrọ̀ rẹ̀. Ti àná kò tíì gbẹ dáadáa."

Ó tẹ orí ba fún mi. "Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n mi."

Níbi ìṣínu, ó sọ fún ìyá mi pé bí kì í bá ṣe èmi, òun kì bá ti mọ ọ̀nà. Ìyá mi ṣa àkàrà tó tóbi jù nínú abọ́, ó gbé e síwájú mi. Mo bù ú, mo sì dá a padà sínú abọ́. Ìyá mi ní, "Ṣé kò dùn ni?" Mo ní mo ti yó.

Ejò kò tún yọ orí mọ́. Kí oṣù tó parí, ó ti gbẹ débi pé egungun ẹ̀yìn rẹ̀ yọ sókè bí òkè òrùlé. Awọ rẹ̀ ń ṣẹ́ pọ̀ níbi tó bá ti tẹ̀. Àbúrò mi kò kọ nǹkan sínú ìwé mọ́.

Ó ku ọjọ́ méjì kí a túnu nígbà tó wọlé bá mi, ó jókòó sílẹ̀.

"Mo ti lọ bá ọ̀gá."

"O lọ sọ kí ni?"

"Mo ní mi ò lè ṣe é. Mo ní ẹ̀yin lẹ mọ ejò. Wọ́n ní kí ẹ wọ yàrá ẹyin lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó tọ́ sí yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti pẹ́ níbẹ̀. Èmi ti rí iṣẹ́ ẹrù gbígbé ní zone franche, ọgbà àwọn ilé iṣẹ́ létí èbúté. Wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé."

Mo ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn fún oṣù kan. Mo wá a nínú ara mi bóyá inú mi á dùn, mi ò rí nǹkan kan. Àbúrò mi ló gún régé níbẹ̀, èmi ni mo tẹ̀.

Lọ́jọ́ ọdún, bí a ṣe kírun tán, mi ò bá wọn kí ènìyàn kiri. Mo sáré padà sílé. Mo yọ ìró náà, mo gbé e jìnnà. Mo fi omi lásán fọ àpótí, mo sá a sóòrùn títí imú mi kò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo tẹ́ ìwé ìròyìn sí i, mo da ààbọ̀ igbá kan dé, mo lu ẹnu ọ̀nà sí i. Mo gbé ejò wọlé. Ó fúyẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má kú. Mi ò mọ èdè tí wọ́n fi ń bẹ ejò, Yorùbá ni mo fi bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́, àbúrò mi ti ti ibi ẹrù dé, èjìká rẹ̀ ti bó. Èmi ni mo di ẹ̀mú mú. Èkúté kékeré ni mo mú wá. Orí yọ lẹ́nu igbá. Ahọ́n. Ọrùn ká sẹ́yìn díẹ̀ bí ìka ẹni tó fẹ́ ta ọ̀kọ̀tọ́. Mi ò rí ìgbà tó fò. Mo kàn rí i pé ẹ̀mú ti fúyẹ́, èkúté sì ti wà láàárín ìká rẹ̀.

Àbúrò mi pariwo. Onílé fi abọ́ tó ń fọ̀ sílẹ̀, ó sáré wá.

"Ó ti ṣínu!" ó ń kígbe, ó ń pàtẹ́wọ́. "Alùfáà wa ti ṣínu!"

Nígbà tí onílé lọ tán, àbúrò mi ṣì ń wò bí ejò ṣe ń gbé e mì díẹ̀díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni ẹ ṣe fún un?"

"Mo yọ ìró ìyá kúrò. Káńfọ̀ wà nínú rẹ̀." Mo rí i pé bí mo bá dúró níbẹ̀, màá máa dúró níbẹ̀ títí ayé, mo bá sọ ìyókù. "Mo mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Èyí kejì, èmi ni mo mú un láti ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ìyá. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni."

Kò gbé ojú kúrò lára ejò.

"Mo gbọ́ òórùn rẹ̀," ó ní. "Láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

"Kí ló dé tí o kò yọ ọ́?"

"Màmá ló fún mi. Àwọn tó ń bẹ̀rù ejò, tí wọ́n ṣí àpótí wọn nítorí mi. Ṣé kí n wá jù ú síta pé aṣọ wọn ń rùn? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá yín ni." Ó nu ojú. "Mo sì ní bó bá jẹ́ pé òun ló ń ṣe é, ẹ̀yin tí ẹ mọ ejò, ẹ ó ti sọ fún mi."

Mo fi ìdérí bo àpótí náà.

Nígbà tó dìde, ó ní, "Ẹ má sọ fún Màmá. Wọ́n á máa rò pé àwọn ló fà á."

Kò sọ pé kí n má sọ fún ọ̀gá. Mo lọ sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n má bàa rí ààyè ronú. Faransé ló kọ́kọ́ fi bá mi sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó padà sí Mina, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

"Ẹni tó mọ ohun tó ń pa ejò, tó sì dákẹ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ẹyin sílẹ̀ fún un? Padà sọ́dọ̀ àwọn èkúté. Sọ fún àbúrò rẹ kó fi ẹrù yẹn sílẹ̀, kó máa bọ̀."

Òun ló wà ní yàrá ẹyin báyìí. Bàtà rẹ̀ ló wà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí mo ti yàn fún tèmi. Láràárọ̀ ni mò ń gbé èkúté kọjá níwájú rẹ̀, bí mo bá sì ní owú náà ti tán, mo tún pa irọ́ mìíràn nìyẹn. Ó ṣì máa ń ta mí. Ejò wa wà nílé, ó ti sanra, onílé sì ń pè é ní Alùfáà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi yọ orí lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹyin, ó gbé òjòlá kékeré kan dání.

"Ẹ̀gbọ́n mi. Ó di ẹ̀ẹ̀mejì tí èyí kọ oúnjẹ. Kí ni ẹ rò?"

Láti ìgbà ìró yẹn, kò bi mí ní ìbéèrè yìí mọ́ títí di ọjọ́ náà. Mo gbé garawa èkúté sílẹ̀, mo nu ọwọ́ mi dáadáa. Mo gbọ́ òórùn àpótí náà, mo wo ojú ejò, mo tẹ ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un, gbogbo ohun tí mo mọ̀, láìfi ọ̀kan pamọ́.